Àáró Ẹgbẹ́ Ọjọ́ Sátidé

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odode Ìdànrè, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Sítáàṣì máa ń mú kí ṣòkòtò kaki mi le gbagidi, ìbọ̀sẹ̀ mi máa ń dé orúnkún, mo sì ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó sọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé láti ṣe aṣáájú àti láti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Mo ti ka ìwé náà tó ìgbà mẹ́ta. Ọmọ Ìdànrè ni mí o, Odode náà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ní Àkúrẹ́ ni mo gbé dàgbà. Kòkó tí gbogbo ìlú fi ń jẹun, inú àpò nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa jẹ́wọ́ irú ìyẹn ní Ìdànrè?

Gbogbo ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. Wọ́n tó ọgbọ̀n ọmọ. Àwọn tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje, ẹni tó sì dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn bí ẹni pé oorun ló ń kùn ún.

Ìwé mi sọ pé kí àwọn ọmọ fúnra wọn dìbò yan aṣáájú. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan he òkúta wẹ́wẹ́ kan wá, nítorí òkúta kò wọ́n wa, kí ó lọ gbé e sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. Wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó gbogbo òkúta náà sẹ́yìn ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yìí, kò ku ẹyọ kan. Òun náà he tirẹ̀, ó wò yíká, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí gbogbo yín fi yàn án?" mo bi wọ́n.

"Òun lẹ̀gbọ́n, sà," ni wọ́n dáhùn.

Mo wá ṣàlàyé. Mo ní ọ̀tọ̀ ni orí pípé, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí. Mo fi àpẹẹrẹ yìí gbè é, mo fi tọ̀hún gbè é, òógùn bò mí. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ní kí wọ́n tún ìbò náà dì. Wọ́n tún un dì. Òkúta kan ṣoṣo ló kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òkúta ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn tèmi ló gbé e sí, nítorí èmi lẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló tún burú jù. Ìwé mi ní kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nàró, kí ó gbé ohùn sókè, kí ó wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ire, tí ìyá rẹ̀ ti gbá lẹ́nu nítorí pé ó ń wo ojú àgbà, òun ni mo ń sọ fún pé kí ó máa wo ojú mi! Wọ́n á dìde, wọ́n á tẹjú mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, wọ́n á sì máa bá ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Èmi náà kò ní sùúrù nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ṣẹ́ ẹfun ìkọ̀wé ọwọ́ mi sí méjì, mo pariwo pé, "Òkúta ni yín! Òkúta lásán ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán!"

Ọmọ kékeré kan nawọ́ sókè. "Tíṣà, ìyá mi àgbà ní òkúta ló gba àwọn bàbá wa lọ́wọ́ ogun."

Gbogbo wọn mi orí pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n rò pé mo yìn wọ́n ni. Mo gbójú sókè lójú fèrèsé, mo rí àpáta tó dúró gbọn-in lẹ́yìn ìlú, èyí tí àwọn bàbá ńlá wa gun dé Òkè Ìdànrè tí ogun ò fi rí wọn mú. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó tún wà ní kíláàsì tí mò ń kọ́ nílé ìwé, ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀wé tó o. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìṣirò kì í yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á sọ èsì sétí ẹni tó jókòó tì í, ẹni yẹn á wá bá a sọ ọ́ síta fún gbogbo wa. Mo ti pariwo mọ́ ọn títí, ó ti sú mi.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kòkó pọ́n, òjò kò sì dá. Ọmọbìnrin yìí pa ilé ìwé jẹ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sátidé, ó wọlé wá nígbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ di nǹkan dání. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì mi, ó tú gèlè náà, ó sì gbé ìwé kíkà tí mo yá a síwájú mi.

"Tíṣà, ẹ gba ìwé yín."

Mo ní kí ó dìde kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò dìde. Láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní bàbá òun já bọ́ láti orí igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó di kí oṣù bíi mélòó kan kọjá kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn àbúrò òun kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Òjò ti ń sọ kòkó di dúdú lórí igi. Bàbá òun ní kí òun wá máa gbé lóko.

"Títí di ìgbà wo?"

"Wọn ò sọ, sà."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nígbà náà: ọmọbìnrin tó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, tó bá lọ sóko lọ bá wọn ká kòkó, kì í sábà padà. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, wọ́n á ní kó dúró di ìgbà òjò. Ìgbà òjò á dé, wọ́n á ní ó ti dàgbà ju kíláàsì lọ. Mo mú ìwé àti gègé, mo ní màá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ṣọ́ọ̀ṣì kí ó bá wa bẹ bàbá rẹ̀. Gègé ni ohun ìjà tèmi.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wa, ẹni tí mo ti kà sí igi tí kò so, ti sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ dìde.

"Kòkó yín tó pọ́n, ó pọ̀ tó ibo?"

"Láti ẹ̀bá odò dé ìdí ìrókò," ọmọbìnrin náà dáhùn.

Ọmọkùnrin yìí ronú díẹ̀. "A ó ṣe é láàáró," ó wí.

Bí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ilé hó. Àwọn bàbá wọn ń ṣe àáró, ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́ lóko lónìí, kí èmi náà wá bá yín ṣe lọ́jọ́ míì, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn tó ń wo ìbọ̀sẹ̀ mi láti oṣù mẹ́ta, àwọn náà ni wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu yìí. Ta ló ní àdá? Ta ni yóò gbé agbọ̀n wá? Àwọn wo ló lè fi ọ̀pá gígùn ká ti òkè? Mo jókòó tì wọ́n bí àlejò. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá díẹ̀.

"Ta ni yóò darí iṣẹ́ náà?" mo béèrè, mo sì kọjú sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wa.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, oko tiwa kọ́. Ẹni tó ni oko ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá kan oko wa, èmi náà á sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni gbogbo wọn wí, títí kan àwọn ọmọ ọdún méje.

Wọ́n fún mi lésì ohun tí mo ti fi òkúta wẹ́wẹ́ wá títí. Lábẹ́ àáró, ọkùnrin tó ti hu irun funfun lè dé oko ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì yọ, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí i nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹni tí oko kàn, mo rí i pé orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Fráídè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ilé ìwé, mo yá kẹ̀kẹ́, mo gba ọ̀nà Atosin lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà lóko, láti tọrọ àyè fún àáró ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí ojú rẹ̀ mú. Ẹní ni ó dùbúlẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà ahéré, wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn igi kòkó rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tí ń ṣàìsàn. Ìdànrè tó jinlẹ̀ ló ń sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gbọ́ ìdajì rẹ̀, nítorí náà mo ń fi Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ kọ ọ́ síbí.

"Ọmọ mi ò lè sọ̀rọ̀, Tíṣà," ó wí. "Èèyàn ò lè fi ìdákẹ́ tọ́jú oko. Bí wọ́n bá ń ṣe dáadáa, kò ní sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń ba nǹkan jẹ́, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá lọ́la. Bó bá lè bójú tó iṣẹ́ náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí èmi dùbúlẹ̀ síbí kí n má pariwo lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ pé ó lè máa lọ ilé ìwé rẹ̀, kí ẹ máa wá ní Sátidé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni mo ní láti pariwo láti orí ẹní yìí, ọ̀rọ̀ ilé ìwé parí nìyẹn. Á wá bá mi gbé, kí n kọ́ ọ fúnra mi."

Mo dúpẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi délé. Bí a ṣe ń lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọbìnrin yìí, tó wá fi ọ̀nà hàn wá, bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, nítorí ó tọ́ kí ó mọ̀. Ó gbọ́, ó sì yára rìn ṣíwájú wa.

Nígbà tí a dé oko, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wa gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?" Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ẹ̀bá odò. Lẹ́yìn náà ó ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ sí wọn létí: ẹ̀yin tí ẹ ga, ẹ ká ti òkè; ìwọ àti ìwọ, ẹ máa fọ́ ọ; àwọn kéékèèké, ẹ máa kó o jọ sídìí ìrókò. Bí ó ti ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń ga sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, òkìtì kòkó ti gòkè, àwọn ọmọdé ń lá omi kòkó tó ń dùn lọ́wọ́ wọn, bàbá kò sì tíì la ẹnu rẹ̀.

Àfi èmi nìkan ni kò ríṣẹ́ ṣe. Wọ́n ti gbé àpótí fún mi lábẹ́ ibòji, wọ́n ní kí Tíṣà jókòó. Mo jókòó jókòó, ara mi kò gbà á mọ́. Ìwé mi ní aṣáájú gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo kọjú sí igi kòkó kan tí èso rẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Mo di ọ̀kan mú, mo lọ́ ọ, mo já a gbà, ó já, ó sì gbé èèpo igi dání. Mo ní agbára ṣì wà lára mi. Mo já òmíràn. Mo já igi yẹn tán, mo bọ́ sórí èkejì, mo sì bọ́ sórí ẹ̀kẹta.

Ìgbà tó ṣe, mo ṣàkíyèsí pé àdá ò dún mọ́. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wa wo ilẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló wú wọn lórí, mo tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọmọbìnrin náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O ṣeun."

Kò lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."

"Mo ti gbọ́." Mo tún já ọ̀kan.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró."

Ọ̀rọ̀ náà kò ga, ṣùgbọ́n ó dé etí gbogbo èèyàn. Èmi, olùkọ́, níwájú ọgbọ̀n ọmọ! Ojú mi pọ́n. Mo yí padà, mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo mọ̀ báyìí pé bí ọmọ yẹn bá dìde kíá, tó sọ pé kí n má bínú, tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Gbogbo ohun tí ilé kọ́ ọ ló ń sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wo ojú mi, pẹ̀lú gbogbo bí mo ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ láti máa wò ó. Igi ló ń wò, ibi tí mo ti bó.

"Ẹ̀yin ni, sà," ó wí. "Ibi tí ẹ ń fà ya yẹn, ibẹ̀ náà ni òmíràn á tún ti so lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a bá ti bó o, kò ní so níbẹ̀ mọ́. Àdá la fi ń gé e. Ẹ má bínú, sà. Igi bàbá mi ni."

Mo wo ọwọ́ mi. Mo wo igi mẹ́ta tí mo ti bó bí ẹni ń bó ẹran. Ìtìjú mú mi, irú èyí tí ń gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ Ìdànrè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká kòkó!

"Kí ni kí n máa ṣe?" mo béèrè. Ó yà mí lẹ́nu pé ohùn tèmi ni kò jáde dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó wo gbogbo oko yípo bí ẹni tó ń wá àyè tó yẹ mí. "Ẹ bá àwọn kéékèèké kó o lọ sídìí ìrókò, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ru agbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́, èmi àti àwọn ọmọ ọdún méje. Ọ̀kan nínú wọn fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe òṣùká fún mi, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa rìn kí agbọ̀n má baà já bọ́ lórí mi. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wa rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Àtìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ ìpàdé pé, oko ta ni tòní? Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn, òun ló ń sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méje, yálà ó kúnlẹ̀ tàbí ó nàró.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tí wọ́n fọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ ti bàbá lórí ẹní rẹ̀, mo ní kí ó forí jì mí, mo ba igi rẹ̀ jẹ́.

"Igi mẹ́ta," ó wí. "Mo rí yín láti orí ti àkọ́kọ́. Ahọ́n mi ni mo fi eyín dì mú, kí n má baà ké."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì, lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá pẹ̀lú omi kòkó lápá rẹ̀ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ tì mí. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀, à ń retí ìdájọ́. Bàbá wò ó.

"Aṣọ ilé ìwé rẹ dà?"

"Ó wà nílé, bàbá."

"Bí ẹ bá dé Odode, tètè fọ̀ ọ́, kí ó lè gbẹ di Mọ́ńdè."

Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ mọ́. Ó fi apá rẹ̀ tó kún fún omi kòkó bo ojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, èmi náà sì ń nu ojú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.